Orin Reuben Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Bọ́dúndé.

Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ọ̀tígbà, ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ibẹ̀ ò fẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, Bọ́dúndé á fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí onítọ̀hún tó ríbi dúró sí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Kì í ṣe fóònù. Ó ní fóònù ò ní inú tí èèyàn lè tọwọ́ bọ̀.

Bàbá Sídíì ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé òun nìkan ló kù ní sàkáání ibẹ̀ tó ṣì ń tọ́jú àwọn sídíì àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé Wíńdòsì sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ ìwòyí, fíláàṣì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rí páálí tó kó sídíì sí, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan ní Oregun bá gbé kọ̀ǹpútà tó ti gbó wá, èyí tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ fíláàṣì, ẹ̀rín á tán. Wọ́n á ní, "Ẹ lọ bá Bàbá Sídíì."

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni wọ́n bí i sí. Òun àti Reuben jọ dàgbà ni. Wọ́n jọ wọ ọkọ̀ wá sí Èkó, wọ́n jọ gba yàrá ní Agége, wọ́n jọ ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Oregun tí wọ́n ti ń ṣe agolo ọ̀dà. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń gé páànù. Ẹ̀rọ náà ń hó láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Àwọn míì ń fi òwú dí etí. Reuben kì í dí etí. Ó ń kọrin lé e lórí.

"Bọ́dúndé, gbọ́!" Igbe ni Reuben máa ń ké kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè wọlé. "Sò inú dò, rè, mí ni ẹ̀rọ yìí ń kọ. Sò! Kì í yẹ̀. Ìwọ tó o jẹ́ èèyàn, o ò lè di sò mú bíi tiẹ̀."

Òtítọ́ ni. Nínú ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ, Reuben di olórí akọrin. Bọ́dúndé ń kọ báàsì. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Ó máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sùn lọ lórí àga. Reuben á gbọ́wọ́ sókè, á dá orin dúró.

"Bọ́dúndé, o tún ti já bọ́."

Àwọn obìnrin á bú sẹ́rìn-ín. Bọ́dúndé náà á rẹ́rìn-ín. Kò dùn ún rárá. Bí Reuben ò bá sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó máa ń rò pé inú ń bí i ni.

Ilé iṣẹ́ agolo kógbá sílé. Wọ́n ta ẹ̀rọ tó ń gé páànù fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Reuben bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù láti ilé dé ilé. Bọ́dúndé lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún tàpáráítà ṣe. Nígbà tí ayé tàpáráítà kọjá, ó kọ́ kọ̀ǹpútà. Kò lọ sí ilé ìwé kankan fún un. Ó jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń wò ó lọ́wọ́ títí ọwọ́ tirẹ̀ náà fi mọ̀ ọ́n.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni Reuben ní láyé rẹ̀. Bọ́dúndé ló tò ó jọ fún un. Ó rí àpótí níbí, ó rí dísìkì lọ́hùn-ún, ó fi sídíì tirẹ̀ gbé Wíńdòsì sí i. Àbúrò Reuben kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá fi sídíì míì ránṣẹ́, ètò ìkọ orin ló wà nínú rẹ̀. Bí èèyàn bá to dò, rè, mí sórí ìlà, ètò náà á kọ ọ́ jáde bíi dùùrù. Ibẹ̀ ni Reuben kó gbogbo orin rẹ̀ sí. Orin wọ̀nyẹn ò ṣeé ṣí níbòmíràn. Nígbà tí ètò náà ti wọlé tán, Divine, ọmọ Reuben, mú sídíì rẹ̀, ó fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ láti fi lé ẹyẹ. Oòrùn àti òjò jẹ ẹ́ tán lórí igi. Wọ́n fi ṣe ẹ̀rín nígbà náà. Ètò ṣáà ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi sídíì ṣe?

Divine dàgbà, ó lọ sí òkè òkun. Igi ìbẹ́pẹ wó. Kọ̀ǹpútà ṣì wà níbẹ̀.

Àìsàn ṣúgà ló mú Reuben. Ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lọ, ó sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn ni Bọ́dúndé ń lọ wò ó ní Agége. Lọ́jọ́ kan, Reuben ní kó sún mọ́ òun.

"Mo ti kọ orin tí ẹ máa fi sin mí."

"Ta ló fẹ́ sin ẹ́? Mẹ́nu kúrò ńbẹ̀."

"Ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Mi ò kọ ọ́ sórí bébà kankan, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ ṣáà ṣí i, ẹ máa gbọ́ ọ. Ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà ńbẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ míì ò sí lẹ́nu ẹ ni?"

"Tìẹ ni mo rò jù." Reuben ti ń rẹ́rìn-ín. "O rántí ẹ̀rọ agolo? Sò. Sò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn yòókù ló máa rìn káàkiri, ìwọ ṣáà dúró lójú kan. Báàsì tí o ò lè bàjẹ́ nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé Reuben. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó lé Bọ́dúndé jáde. Stella lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n Reuben nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Divine ni fún gbogbo ayé.

"Ẹ jẹ́ kí aláìsàn sinmi, Bàbá Ayọ̀mikún. Ẹ̀yin méjèèjì ò lè dàgbà láéláé."

Bọ́dúndé ò tún rí ẹ̀rín lẹ́nu Reuben mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Reuben kú.

Gbogbo akọrin ló gbọ́ pé ó fi orin sílẹ̀. Ìyá Divine ló sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n wá lọ tan kọ̀ǹpútà, kò dìde. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ti ṣe é ní jàǹbá. Ìsìnkú sì ti ku ọ̀la. Olúwaníyì, igbákejì Reuben nínú akọrin, gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀, ó gbé e wá sí Ọ̀tígbà.

"Ẹ bá wa wò ó, sà," ó wí. "Ìrọ̀lẹ́ òní la fẹ́ kọ́ orin yẹn. Bó bá di ọ̀la, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

"Máa lọ. Kó àwọn akọrin jọ."

"Ṣé ó máa ṣeé ṣe, sà?"

"Ta ló tò ó jọ? Máa lọ jàre."

Bọ́dúndé tan án. Ojú mọ́nítọ̀ dúdú, ìlà funfun kan hàn níbẹ̀. Fáìlì kan tí Wíńdòsì fi ń gbéra ló ti bàjẹ́. Ìyẹn ò bà á lẹ́rù. Bí kọ̀ǹpútà bá gba sídíì Wíńdòsì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é, tó sì gbéra láti inú rẹ̀, á béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Bí èèyàn bá tẹ R, á tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe. Orin ò ní sọnù. Ètò ìkọ orin náà ò ní sọnù. Wọ́n tún lè ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó gbé tuntun kalẹ̀. Ìyẹn ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni pé kó yọ dísìkì jáde, kó fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì, kó da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ pamọ́. Gbogbo ọmọ Ọ̀tígbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń gba dísìkì àtijọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni Bọ́dúndé ní, Mùínàt sì ti yá a. Mùínàt ló ń ta ṣájà àti wáyà ní ìsọ̀ tó kọjú sí tirẹ̀.

"Mùínàt, wáyà mi dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ ọkọ mi, Bàbá Sídíì. Ó mú un lọ sí Oregun, sọ́dọ̀ àwọn oníbísíkíìtì kan. Ọ̀sán ló máa dé."

"Ọ̀sán wo?"

"Ọ̀sán tí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Akọrin ò lè dúró de ọ̀sán yẹn."

"Ẹ dúró ná. Kí lẹ ń kánjú fún?"

"R ni mo fẹ́ tẹ̀. R kì í pa nǹkan rẹ́."

Mùínàt gbé èjìká sókè, ó padà sídìí ọjà rẹ̀.

Bọ́dúndé fi sídíì sí i. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ yíjú sí sídíì náà. Ìlà funfun yẹn ló tún mú jáde. Ó wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, ó sọ fún un pé sídíì ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo dísìkì. Ó pa á, ó tún un tàn. Kọ̀ǹpútà ti gbàgbé. Ó tún sọ fún un. Ó tún gbàgbé.

"Bátìrì," Bọ́dúndé wí fún ara rẹ̀.

Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀, bíi owó kọ́bọ̀. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí nǹkan nígbà tí iná ò bá sí. Ó ti kú. Mùínàt fún un ní tuntun. Kọ̀ǹpútà wá ń rántí ohun tí wọ́n bá sọ fún un.

Síbẹ̀ kò gbéra. Sídíì á yí díẹ̀, á dákẹ́. Ó tú ojú ibi tí sídíì ń yí sí. Ojú tó fi ń ka sídíì kéré bíi hóró ìrẹsì, eruku ọ̀pọ̀ ọdún sì wà lórí rẹ̀. Ó ki òwú bọ inú sípíríìtì, ó rọra nù ún. Ó tún tàn án. Sídíì yí, ó pẹ́ kó tó dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó dákẹ́.

"Bàbá Sídíì," Mùínàt pè é láti ọ̀hún, "ẹ gbé nǹkan yẹn fún àwọn tó ń yọ kópà. Ó ti dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ."

"Ó dàgbà ju ọgbọ́n orí ẹ náà lọ."

"Ó sì gbọ́n jù mí lọ ni? Ẹ wò ó bó ṣe lanu sílẹ̀."

Bọ́dúndé rẹ́rìn-ín. Ó mú sídíì náà, ó fi sínú kọ̀ǹpútà míì. Gbogbo fáìlì ló wà níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Ó wá yé e. Sídíì tí wọ́n dà kọ ni. Ẹni tó dà á kọ kó ẹrù inú rẹ̀ nìkan, kò da ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbéra kọ mọ́ ọn. Yàrá wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ò sí. Kọ̀ǹpútà lè dúró ti irú sídíì bẹ́ẹ̀ títí ayé.

Ó tú páálí sídíì sílẹ̀. Sídíì gidi, èyí tó fi ṣe kọ̀ǹpútà Reuben níjọ́ kìíní, wà nísàlẹ̀ pátápátá. Kàlẹ́ńdà ìjọ wọn ló fi wé e. Ara rẹ̀ ti ha. Ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó fi ọṣẹ ìfọyín ra á láti àárín lọ sí etí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kò yí ọwọ́ ká a. Ó fọ̀ ọ́ nù, ó nù ún gbẹ, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó gbé e wọlé.

Sídíì yí. Kò dákẹ́. Lẹ́tà funfun jáde lójú mọ́nítọ̀ pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì èyíkéyìí. Bọ́dúndé tẹ̀ ẹ́. Ojú mọ́nítọ̀ di búlúù.

"Ó jí!" Ó pàtẹ́wọ́. "Mùínàt, ó jí!"

Mùínàt fi ọjà sílẹ̀, ó sọdá. Inú tirẹ̀ náà dùn.

"Ẹ ṣé o, Bàbá Sídíì. Ọ̀rẹ́ yín á kọrin lónìí. Irú orin wo tiẹ̀ ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Apá tèmi nìkan ni mo mọ̀."

"Ẹ kọ tiyín fún mi ná."

Bọ́dúndé bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún un. Ó sọ nípa ilé iṣẹ́ agolo, ó sọ nípa ẹ̀rọ tó ń gé páànù, ó sọ bí Reuben ṣe ń ké mọ́ òun nínú ariwo. Kò tíì sọ̀rọ̀ Reuben fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti kú. Ó wá ń sọ ọ́ báyìí, ó ń dùn lẹ́nu rẹ̀. "Sò," ó ní, "báyìí ni. Sò, sò, sò." Ó gbé ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ń kọ ọ́. Mùínàt ń rẹ́rìn-ín.

Ìka rẹ̀ wà lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ọ̀tígbà, ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà. Fọ́ọ̀mátì, pípa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ni oògùn ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, fọ́ọ̀mátì. Kòkòrò wọ̀ ọ́, fọ́ọ̀mátì. Oníbàárà á ṣì máa ṣàlàyé, ìka á ti máa lọ. Mo gbà. Mo gbà. Rárá, má tún un ṣe. Pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣe tuntun. Wọn kì í wojú mọ́nítọ̀, bí ìyàwó ilé ṣe kì í wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá ń já ewébẹ̀. Ọjọ́ pípẹ́ ni ìka Bọ́dúndé ti ń rin ọ̀nà yẹn. R ò sí lójú ọ̀nà náà.

Ó ń kọ sò fún Mùínàt. Ìka rẹ̀ sì ń bá sò rìn.

"Bàbá," Mùínàt wí, "kí ni nǹkan yẹ́lò tó ń rìn yẹn?"

Bọ́dúndé wò ó. Ohùn rẹ̀ dá.

Ìlà yẹ́lò kan ń gùn lójú mọ́nítọ̀, díẹ̀díẹ̀, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Ó na ọwọ́, ó já wáyà iná kúrò lára ògiri. Gbogbo rẹ̀ kú.

"Kí lẹ ṣe?"

"Mo ti fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

"R lẹ ní ẹ máa tẹ̀."

"Mo mọ̀."

Mùínàt gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó ti Bọ́dúndé. Oníbàárà kan ń pè é láti ọ̀hún pé èló ni ṣájà. Kò dáhùn.

Ọ̀sán dé. Ọkọ Mùínàt dé pẹ̀lú wáyà. Bọ́dúndé yọ dísìkì jáde, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà míì. Nígbà míì, ohun tí wọ́n pa rẹ́ ṣì ń ṣeé wá kàn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ṣe irú ẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n dísìkì náà ti gbó, ó sì ti já iná mọ́ ọn lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kan bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Á dákẹ́. Kọ̀, kọ̀, kọ̀.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan lójú títì kejì tó jẹ́ pé dísìkì nìkan ló ń ṣe. Ọkùnrin náà gbé e sétí bí ẹni tó ń gbọ́ àyà aláìsàn.

"Bàbá, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀ ti ha á. Eruku ló kù níbẹ̀."

"Kò sí ọ̀nà kankan?"

"Ká ní kò tíì máa dún báyìí ni. Ẹ má bínú, sà."

Bọ́dúndé fi bébà wé dísìkì náà. Ó fi sápò. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìkẹjà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Agége. Ó lè pe Olúwaníyì lórí fóònù. Kò pè é. Ẹni tó ni òkú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Ìyá Divine wà ní yàrá, òun àti sùtánà funfun kan lórí itan rẹ̀. Sùtánà Reuben ni, èyí tí wọ́n máa fi wọ̀ ọ́ lọ́la. Ó ń ran etí rẹ̀ kan tó tú. Nígbà tó rí Bọ́dúndé, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ṣé ó ti ń kọ ọ́, Bàbá Ayọ̀mikún?"

Bọ́dúndé jókòó. Ó mú dísìkì jáde, ó tú bébà lára rẹ̀, ó gbé e sórí àga tó wà láàárín wọn.

"Mo ti pa á rẹ́."

"Kí lẹ pa rẹ́?"

"Orin náà. Kọ̀ǹpútà ti gbà. Ó ti ṣí sílẹ̀ tán. Ibi tó yẹ kí n tẹ̀ kọ́ ni mo tẹ̀. Mò ń sọ̀rọ̀ Reuben fún ẹnì kan, mi ò wo ọwọ́ mi."

Ìyá Divine wo dísìkì náà. Ó fọwọ́ kàn án, ó tètè gbé ọwọ́ kúrò.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Èyí tó kọ nígbà ìgbéyàwó wa náà?"

Bọ́dúndé ò rántí pé ìyẹn wà níbẹ̀. Orin ìsìnkú nìkan ni gbogbo wọn ń rò.

"Ìyẹn náà," ó wí.

Ìyá Divine gbé sùtánà, ó gbé e bojú. Kò pariwo. Èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Nígbà tó pẹ́, obìnrin náà gbé aṣọ kúrò lójú, ó wò ó bóyá omijé ti rin ín. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fọwọ́ tẹ ibi tó rún.

"Ta lẹ ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni. Láti ibí, ọ̀dọ̀ àwọn akọrin ni mò ń lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

"Èmi ni mo ṣe é, Ìyá Divine."

"Mo gbọ́. Ẹ ní kò ṣeé ṣe. Ẹ ní ó ti kú kí wọ́n tó gbé e wá."

"Irọ́ nìyẹn."

"Ṣé òótọ́ máa dá a padà?" Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Ẹ wò ó. Ọ̀la ni mo fẹ́ sin ọkọ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ yẹn bínú. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa máa sọ nídìí pósí, wọn ò ní sọ ti Reuben. Ẹ jẹ́ kí n ní ọ̀la yẹn."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Olúwaníyì lójú Bọ́dúndé.

"Olúwaníyì, kọ̀ǹpútà yẹn ò gbà. Ó ti kú kẹ́ ẹ tó gbé e débẹ̀. Bàbá gbìyànjú títí. Ẹ mú orin kan nínú ìwé orin. Èyíkéyìí tó bá ti mọ́ yín lẹ́nu. Ó dáa. Ẹ ṣé."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́ láti ki òwú bọ̀ ọ́. Bọ́dúndé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a ki òwú, ó dá a padà fún un. Ó kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Reuben wọ inú ilé ìjọsìn. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní sùtánà. Gbogbo ìjọ bọ́ bàtà, àbẹ́là ń jó. Bọ́dúndé dúró sí ìlà àwọn báàsì, níbi tó ti ń dúró láti ìgbà èwe rẹ̀. Kí wọ́n tó kọrin, Olúwaníyì jáde síwájú.

"Ẹ̀yin ará, bàbá wa Reuben fi orin kan sílẹ̀ fún òní, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayé já wa kulẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá wa Bọ́dúndé ò jẹun, wọn ò sinmi, wọ́n jókòó tì í lánàá. Ẹ bá wa ṣàdúrà fún wọn."

"Ẹ ò ní ṣe àṣedànù!" ìjọ dáhùn.

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́ láàárín wa!" Olúwaníyì tún wí.

"Àmín!"

Ìyàwó alàgbà kan na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ Bọ́dúndé mú. Bọ́dúndé tẹrí ba. Ó yẹ kó ṣe "àmín" pẹ̀lú wọn. Ẹnu rẹ̀ ò ṣí. Ó wo Ìyá Divine níwájú lọ́hùn-ún. Obìnrin náà ò wẹ̀yìn.

Orin inú ìwé ni wọ́n kọ, èyí tí wọ́n fi ń sin gbogbo èèyàn. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Báàsì orin náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, Bọ́dúndé sì mọ ọ̀nà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, sò ló jáde. Ó dúró sórí rẹ̀. Àwọn yòókù lọ, òun dúró. Kò yẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó di sò mú bíi ẹ̀rọ agolo. Kò bá orin náà mu rárá. Obìnrin kan níwájú bojú wẹ̀yìn, ó rí ẹni tó ń ṣe é, ó yára yíjú padà nítorí pé ó rò pé ẹkún ni.

Kò sẹ́ni tó gbọ́wọ́ sókè. Kò sẹ́ni tó dá orin dúró. Kò sẹ́ni tó ní, "Bọ́dúndé, o tún ti já bọ́." Wọ́n kọ ọ́ parí, wọ́n gbé pósí.

Bọ́dúndé bá wọn dé itẹ́ òkú. Ó bu erùpẹ̀ sí i bíi ti gbogbo èèyàn. Dísìkì náà wà lápò rẹ̀. Ó ti rò ó láàárọ̀ pé òun á jù ú sínú ilẹ̀ lọ́dọ̀ Reuben. Nígbà tó débẹ̀, ojú tì í. Ó gbé e padà bọ̀ wálé.

Ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé. Ó ti lọ bá Ayọ̀mikún, ọmọ wọn tó bímọ, ní Ìbàdàn. Ilé dákẹ́. Bọ́dúndé bọ́ sùtánà, ó fi kọ́ ara ìṣó. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan Ìyá Divine ni. Kúlà kékeré kan ló gbé dání.

"Wọ́n ní kí n gbé e fún yín, sà. Wọ́n ní ẹ ò dúró jẹun."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó gbé kúlà sórí tábìlì, ó jókòó tì í. Ó ti pinnu pé òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ebi sì ń pa á, kò tíì jẹun láti àná. Ó bu omi, ó fọwọ́.

Iyán ló jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, pẹ̀lú orí ẹja àrọ̀ kan tó tóbi. Ó jẹ ẹ́ tán.